Àlẹ̀mọ́ Ẹ̀yìn Bàbá Oníbúrẹ́dì

Ẹ fa àga yín sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí etí yín kì í kún. Ìtàn oorun ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n mo ṣèlérí pé kò ní kùn yín lóorun.

Àgbà oníbúrẹ́dì kan wà tí jẹjẹrẹ wọ egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Ìrora náà kì í ṣe kèrémí: ọkùnrin tó ti ń gbé àpò ìyẹ̀fun láti ìgbà èwe ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Dókítà obìnrin kan fún un ní àlẹ̀mọ́, oògùn pẹlẹbẹ kan, ọmọ ìyá mọ́fíìnì tí ń pa ìrora líle, tí a ń lẹ̀ mọ́ ara kí oògùn inú rẹ̀ lè máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìrora rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Bàbá padà sílé búrẹ́dì, kò lè gbé nǹkan mọ́, àmọ́ ẹnu ń ṣiṣẹ́: "Ta ló ń po ìyẹ̀fun bí ẹni ń fọ ẹsẹ̀ yẹn?"

Nígbà tí òtútù dé, nǹkan yí padà. Nílé, ojú bàbá á mọ́ kedere. Tó bá dé ibi iṣẹ́, orí á sọ̀ kalẹ̀, èémí á máa wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń tọrọ àyè. Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ jí i títí, kò tètè jí. Ó já àlẹ̀mọ́ náà, ó sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Nígbà tí ojú bàbá là tán, dókítà jókòó tì í.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ ń fi ọtí lé e ni? Àbí oògùn oorun?"

"Ọtí kẹ̀? Ọtí tí mo mu kẹ́yìn, wọn ò tíì bí ìwọ."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Oògùn yìí, tó bá pọ̀ lára, ó lè pa èémí mọ́ ìrora. Bí mi ò bá mọ ibi tí àpọ̀jù ti ń wá, mi ò ní lè fún yín mọ́."

Bí wọn ò bá fún bàbá mọ́, ẹkún ló tún kù nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà ń ṣe dókítà ní kàyéfì. Ara kan náà, oògùn kan náà. Kí ló dé tó jẹ́ ibi iṣẹ́ nìkan? Abéèrè kì í ṣìnà, ló bá tún bi ọmọ: "Níbo ni wọ́n ń jókòó níbẹ̀?"

"Ìdí ààrò ni, mà. Wọ́n á fẹ̀yìn ti ògiri rẹ̀. Ooru yẹn ń tù wọ́n lára."

"Ẹ̀yìn tí àlẹ̀mọ́ wà?"

"Ẹ̀yìn mélòó ni mo ní?" ni bàbá wí.

Dókítà pàtẹ́wọ́. "Bàbá, ẹ ti ń yan oògùn bí ẹ ṣe ń yan búrẹ́dì! Ooru ló ń mú kó rọ́ wọ ara yín."

Ọmọbìnrin bojú. "Èmi ni mo gbé ìrọ̀rí síbẹ̀ fún wọn."

"Má sunkún. Èmi ló yẹ kí n ti béèrè kí n tó fún wọn."

Ó fún bàbá ní èyí tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ó ní àyà ni kí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ó má sún mọ́ iná, kí wọ́n má sì fi omi gbígbóná jó o. Wọ́n gbé àga bàbá lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ lé mi nídìí ààrò tí mo fọwọ́ ara mi mọ!"

"Ààrò ò ní kí ẹ wá mọ́, bàbá," ni ọmọbìnrin rẹ̀ dáhùn.

Ó kùn títí. Àmọ́ kò sùn, kò sì sunkún. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń pariwo: "Ẹ yọ búrẹ́dì o, ó ti ń jó!"

Ìyàwó àbúrò mi tó ń ra búrẹ́dì níbẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún òun lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ojú rẹ̀ là kedere.