Àwọn Tó Yè Nínú Táǹkì

Ìyá Kòkòrò ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè é, kò sì bínú sí i. Òun ló ń tọ́jú àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí, àwọn tó ń jẹ ìdọ̀tí inú omi tí gbogbo ìlú ti fi wẹ̀, tí wọ́n ti fi fọṣọ, kí omi náà tó padà sínú odò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dé ìdí táǹkì, ó rí i pé nǹkan ti yíwọ́. Ìhó bíi ti ọṣẹ bo ojú omi, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ sì gba ibẹ̀ kan. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn lókè ìlú ni: páìpù wọn kan bẹ́, oògùn apakòkòrò sì ti dà sínú omi ìdọ̀tí.

Oògùn tó ń pa kòkòrò ojú egbò kì í béèrè èwo ló ń ṣe èèyàn lóore. Ìyá Kòkòrò sáré pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń sin ẹja nísàlẹ̀ odò.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kómi odò wọ adágún yín lónìí."

"Kí ló dé? Ṣé inú ń run àwọn ọmọ rẹ ni?"

"Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kú, Bọ̀dá."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ẹ̀gbọ́n. "Mo ti ń lọ dí ojú ọ̀nà omi náà."

Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ní kí wọ́n gbọ́n táǹkì gbẹ, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. "Ìyá, kí la fẹ́ fi òkú ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò wọ́n ná, sà."

Ó kán omi díẹ̀ sórí gíláàsì, ó fi í sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Àwọn tó dá wà ti kú lọ súà. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti so mọ́ra wọn bí òwú, wọ́n fi oje yíyọ̀ ara wọn bora. Àwọn tó wà léti ló gba ìyà oògùn náà. Àwọn ti àárín ṣì ń mira.

"Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan!"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó fojú lé awò náà, kò tètè gbérí. "Háà! Àṣé àwọn náà mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

Wọ́n darí omi olóògùn sí táǹkì mìíràn, wọ́n ṣí ẹ̀rọ atẹ́gùn sílẹ̀ dáadáa káwọn kòkòrò lè mí, wọ́n sì da ẹrẹ̀ kíki tó kún fún kòkòrò tí wọ́n tọ́jú pamọ́ kún ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n dúró. Ìyá Kòkòrò délé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. "Jẹun o," ọkọ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́, "ìwọ kọ́ lo mu oògùn."

Nígbà tó yá, ìhó náà pòórá, òórùn ẹyin sì di òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ó bu omi tó ń jáde sínú ife gíláàsì, ó gbé e sókè, ó sì rí ìka ara rẹ̀ kedere ní òdìkejì. Wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oògùn ṣì kù nínú rẹ̀. Kò sí.

Ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń já bọ́. Ọ̀gá ò mọ èyí tí yóò ṣe, lòun náà bá jókòó tì í.

"Ìyá, ẹ kú ewu o."

"Ewu iná kì í pa àwòdì, sà," ó dáhùn, ó sì mí kanlẹ̀.