Ohùn Ọkọ̀ Zweli

Nígbà tí Zweli wà láyé, ìyá rẹ̀ máa ń mọ̀ pé ó ń bọ̀ kí ó tó yọ sí òpópónà wọn. Ọkọ̀ rẹ̀ ni í kọ́kọ́ kí i. BMW àtijọ́ aláàpótí ni, irú èyí tí gbogbo Soweto ń pè ní Gusheshe, ọkọ̀ eré tí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n sálẹ́ńsà tó wà nídìí ti Zweli kì í ṣe èyí tó bá ọkọ̀ wá. Zweli fúnra rẹ̀ ló jó o pọ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Ó fi ìdajì páìpù ọkọ̀ akẹ́rù mọ́ ìdajì agolo sálẹ́ńsà tó rí he lórí ààtàn, ojú ibi tó jó sì rí ṣágiṣàgi bí àpá iná. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti ń wúkọ́. Bí Zweli bá ń yà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ọkọ̀ yóò wúkọ́, yóò dákẹ́ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, lẹ́yìn náà ni yóò wá bú ramúramù.

MaDladla, ìyá rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín níbikíbi tó bá wà nínú ilé.

"Ẹ gbọ́ ọ," ni yóò wí. "Bàbá arúgbó ti gbé ọmọ mi dé, tòun ti ikọ́ rẹ̀!"

Inú Zweli kì í dùn sí àwàdà yìí. Ojú ń tì í nítorí sálẹ́ńsà náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ra ohun èlò tuntun, tó ń kó wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀: sálẹ́ńsà onírin dídán tó ń kọ mọ̀nà, ọwọ́ páìpù mẹ́fà tó ń gba èéfín lẹ́nu ẹ́ńjìnnì, fílítà afẹ́fẹ́ tó gbòòrò, kamṣáfù tí yóò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí dáadáa. A máa kó wọn jáde fún Mthobisi àbúrò rẹ̀ wò, bí ìgbà tí ìyàwó ọ̀ṣìngín bá ń kó ẹrù rẹ̀ han ọ̀rẹ́.

"Mthobi, lọ́jọ́ tí mo bá to gbogbo ẹ̀ sí i, àrá nìkan ló máa pariwo jù mí lọ."

"Ìwọ náà ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wà ní pírámárì."

"Máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá parí, ẹ̀yìn ni wàá jókòó sí."

Kò parí. Ọmọ àbúrò bàbá wọn fẹ́ san màlúù orí ìyàwó ní Ladysmith, wọ́n sì ní kí Zweli wà lára àwọn tí yóò lọ bá àwọn àna sọ̀rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Mthobisi rí i tó dúró ti ọkọ̀ rẹ̀, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ lu ìtan. "Mi ò lè gbé oníkọ́ yìí lọ síwájú àwọn àna," ló wí. "Àwọn ọmọ ibẹ̀ á fi mí ṣẹ̀sín dọ́jọ́ alẹ́." Ó so táì rẹ̀, ó lọ wọ takisí. Lójú ọ̀nà Ladysmith, lórí òkè Van Reenen, níbi tí kùrukùru ti máa ń bo ojú ọ̀nà, takisí náà já sínú kòtò. Zweli kò dé ọ̀dọ̀ àwọn àna.

Mthobisi kò sọ fún ẹnikẹ́ni ìdí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ó ti dá ẹjọ́, ó sì ti dá sálẹ́ńsà náà lẹ́bi.

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọn kì í fọwọ́ kan ohun ìní òkú títí tí ọdún ọ̀fọ̀ yóò fi yí po. Aṣọ Zweli wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, páìpù rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọkọ̀ rẹ̀ wà nínú gáráàjì. Ìyá rẹ̀ fi píìnì gán aṣọ dúdú kékeré mọ́ èjìká, àmì ọ̀fọ̀. Ẹ̀rín rẹ̀, èyí tí gbogbo àdúgbò mọ̀, dákẹ́. Nínú ìpàdé àwọn ìyá ìjọ ní Ọjọ́bọ̀, òun tó máa ń dá orin ń gbe orin ni, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló yọ̀ǹda. Ní gbogbo Sátidé, bó bá ti fọ abọ́ tán, yóò pe Mthobisi.

"Lọ tan ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Bátìrì ẹ̀ ṣì dáa, Màmá."

"Tan án bẹ́ẹ̀. Má tètè pa á."

Mthobisi yóò wọ gáráàjì, yóò tẹ tọ́tù, yóò gbé ẹsẹ̀ kúrò, ọkọ̀ yóò wúkọ́, yóò bú. Ìyá rẹ̀ yóò ṣí fèrèsé ilé ìdáná, yóò gbé tíì rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, yóò dijú. Ọmọ tó wà nínú gáráàjì kò rí i. Bátìrì ló rò pé ìyá òun ń tọ́jú.

Nígbà tí ọdún ń lọ sópin, tí wọ́n ti gbẹ́ òkúta ibojì, gbogbo ẹbí gbà pé Mthobisi ni yóò jogún ọkọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kan wá sí i lọ́kàn tó mú kí ara rẹ̀ gbóná. Ọjọ́ tí wọn yóò ṣí òkúta náà, tí wọn yóò sì bọ́ aṣọ dúdú léjìká ìyá rẹ̀, ọjọ́ náà ni yóò gbé ọkọ̀ náà jáde, gẹ́gẹ́ bí Zweli ti fẹ́ kó rí. Ìyá rẹ̀ yóò gbọ́ ọ, yóò sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń wá, ó sì ti gbàdúrà lé e lórí títí tí orúnkún fi ń ro ó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà, nígbà tí MaDladla bá àwọn ìyá ìjọ lọ sí àpéjọ wọn ní ìlú mìíràn, Mthobisi kò dúró kí ọdún pé, ó kó àwọn páìpù jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Sputla, ọ̀gá tó kọ́ Zweli níṣẹ́. Sputla sanra, ó sì lẹ́nu.

"Ah! Bàbá oníkọ́ ti dé ilé ìwòsàn!" Sputla ń pàtẹ́wọ́. "Mo ti gbọ́ ikọ́ yín láti ìsọdá rélùwéè. Mo ní kí wọ́n gbé omi kaná."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí gbogbo ẹ̀ parí kó tó di ọjọ́ òkúta."

"Ta ni wọ́n? Ìwọ nìkan ni mo rí níbí. Gbé ọkọ̀ sórí jáàkì, jàre."

Ọjọ́ bíi mélòó kan ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì, wọ́n yọ kamṣáfù àtijọ́, wọ́n fi tuntun sí i. Wọ́n de ọwọ́ páìpù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan sálẹ́ńsà, Sputla gbé ti àtijọ́ jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó dì í mú lápá méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Kí la máa ṣe sí èyí? Ọwọ́ Zweli ló wà lára ẹ̀ o. Mo bá a wí lọ́jọ́ tó jó o. Iṣẹ́ burúkú ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ ni."

Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ra irin àlòkù ń kọjá lọ níwájú ọgbà, wọ́n ń lu agogo wọn. Mthobisi gba sálẹ́ńsà náà lọ́wọ́ Sputla, ó rìn jáde, ó sì jù ú sórí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú agbára, débi pé ẹṣin náà ta gìrì.

"O ò ní gbowó?" ni oníkẹ̀kẹ́ béèrè.

"Ẹ ṣáà gbé e lọ kúrò níwájú mi."

Nígbà tó padà, Sputla ti ń de sálẹ́ńsà tuntun mọ́ ọkọ̀. Ọkàn Mthobisi fúyẹ́ bí ti ẹni tó ti gbẹ̀san. Nígbà tí wọ́n sì tan ẹ́ńjìnnì, ohùn tó jáde jinlẹ̀, ó mọ́ tónítóní, ó ń yọ́ lọ bí epo. Ikọ́ kankan kò sí níbẹ̀. Sputla gbàgbé sísanra rẹ̀, ó jó yí ọkọ̀ ká.

"Zweli! Ọmọ yìí! Ṣé o ń gbọ́ ọ níbi tó o wà?"

Ọjọ́ òkúta mọ́ pẹ̀lú òtútù. Ní ibojì, àlùfáà gbàdúrà, wọ́n ká bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lórí òkúta, orúkọ Zweli hàn. Àǹtí bàbá wọn tú píìnì aṣọ dúdú lára MaDladla. Gbogbo wọn padà sílé, wọ́n fọwọ́ ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣàkì àti búrẹ́dì tí wọ́n sè nínú omi, wọ́n ń mu ọtí ọkà bàbà àti omi atalẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Zweli ti to ọkọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ní àdúgbò náà, bí olókọ̀ bá kú, ọkọ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń dágbére fún un.

Mthobisi gbé àga fún ìyá rẹ̀ sí ẹnu géètì. "Màmá, ẹ jókòó síbí. Ẹ má lọ ibì kankan."

"Kí lo tún fẹ́ ṣe, ìwọ ọmọ yìí?"

"Ẹ ṣáà jókòó."

Láti kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni ó ti yà. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ó tún tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ náà sì kọrin láti ìpìlẹ̀ àyà rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ fò sókè. Ó fi ọkọ̀ ṣe òkòtó láàárín títì, táyà ń sun èéfín funfun, àwọn obìnrin ń hó, Sputla ń ju fìlà rẹ̀ sókè. Nígbà tó dúró, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ti dìde dúró. Kò wo ọkọ̀ náà. Ó na ọrùn kọjá rẹ̀, ó ń wo kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù.

"Ta ni àlejò yìí?" ló béèrè.

"Màmá, ọkọ̀ Zweli ni. Èmi ni mo wà á."

Ó wo ọkọ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo gbogbo àwọn tó ń yọ̀. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mthobisi. "Ó dára, ọmọ mi. Ó dára púpọ̀," ló wí, kí ojú má baà tì í lójú àlejò. Ó sì wọlé.

Mthobisi bá a ní ilé ìdáná. Ó ti ṣí fèrèsé, ó dúró tì í.

"Níbo lo gbé ohùn rẹ̀ sí?"

"Ohùn ta ni, Màmá?"

"Ní Sátidé gbogbo," ni MaDladla wí, kò sì gbé ohùn sókè, "mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ n ṣe bí ẹni pé ó ń yà ní kọ̀rọ̀. Mi ò sínwín. Mo mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ mi sí. Ìwọ̀nba ìgbà tí tíì máa fi tutù ni mo ń tọrọ. Olúwa sì ń fún mi."

Gbogbo Sátidé tó ti kọjá dé bá Mthobisi lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì wúwo. Ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì. Ó sọ ọ̀rọ̀ àwọn àna fún un, ó sọ bí Zweli ṣe dúró ti ọkọ̀, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ lu ìtan. "Mo kórìíra sálẹ́ńsà yẹn, Màmá, mo sì ti jù ú fún àwọn ẹlẹ́ṣin. Ká ní ó dáa, ọkọ̀ ẹ̀ ni Zweli ì bá gbé lọ. Òun ló pa á."

Ìyá rẹ̀ pa fèrèsé dé. "Bóyá òun ló mú un lọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n òun náà ló ń mú un wá bá mi."

Àlejò kò tíì tú ká nígbà tí Mthobisi àti Sputla ti ń wá àwọn ẹlẹ́ṣin kiri. Wọ́n rí wọn. Àwọn ẹlẹ́ṣin ní àwọn ti tà á fún ọgbà irin ńlá tó wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Níbẹ̀, olùṣọ́ mú wọn dé ibi tí ẹ̀rọ ti ń fún irin pọ̀ di àpótí-àpótí, wọ́n tò ó ga bí ilé. Sputla ṣí fìlà rẹ̀. Mthobisi ń rìn láàárín àpótí náà, ó ń tẹjú mọ́ wọn bí ẹni ń wá ojú tó mọ̀ láàárín èrò, títí tí olùṣọ́ fi ní òun fẹ́ tilẹ̀kùn.

Sputla jó òmíràn. Ó wá ìdajì páìpù ọkọ̀ akẹ́rù, ó wá agolo, ó mọ̀ọ́mọ̀ jó o burúkú. Wọ́n dè é mọ́ ọkọ̀, wọ́n tan án lẹ́yìnkùlé, MaDladla sì jókòó, ó tẹ́tí. Ó ń wúkọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ikọ́ ọkọ̀ àìsàn lásán ni.

"Ẹ ṣeun, Sputla. Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín," ló wí. "Ẹ bá mi pa á."

Nígbà yẹn, kò sí fóònù tó ń ká ohùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wọn. Ohun tó lọ ti lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, MaDladla fọ abọ́ tán, ó gbé tíì rẹ̀ lọ sórí àtẹ̀gùn. Kò pe ẹnikẹ́ni. Mthobisi lọ jókòó tì í. Oòrùn ń ràn, adìẹ aládùúgbò ń ṣa ilẹ̀ jẹ.

"Báwo ló ṣe máa ń ṣe ná?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

Ojú ti Mthobisi. Ṣùgbọ́n ó fi ẹnu ṣe é: ó wúkọ́, ó dákẹ́, ó bú.

"Rárá o. Ìdákẹ́ yẹn kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀." Ìyá rẹ̀ gbé ife sílẹ̀, ó fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ṣe tirẹ̀, tìṣọ́ratìṣọ́ra, ó di ojú bí ẹni tó ń gbàdúrà. "Ṣé o gbọ́? Bẹ́ẹ̀ ni."

Mthobisi gbọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá ohùn ọkọ̀ náà nínú orí ara rẹ̀, ohun tó rí níbẹ̀ kò sì dá a lójú mọ́.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Màmá," ló wí. "Ẹ tún un ṣe."