Kọ́mú Tí Mo Rán Fúnra Mi

Aránṣọ ni mí, mi ò sì gbà kí nǹkan kán sí aṣọ oníbàárà. Ọmọ mi pé oṣù méjì, mo padà sẹ́nu iṣẹ́, lọ́jọ́ náà gan-an ni omi ọmú mi kán sórí aṣọ ìyàwó funfun kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo tún un lọ̀, inú ń bí mi sí ara mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti rán kọ́mú kan fúnra mi: ìpele aṣọ mẹ́ta, ìkọ́ mẹ́fà lẹ́yìn, ó fún pinpin. Ẹ̀kán omi kan ò jáde mọ́. Mo yin ara mi dáadáa.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọmú ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo fọwọ́ wá ibẹ̀, mo bá kókó kan nítòsí abíyá, ó le bíi bọ́tìnì kóòtù. Irú ẹ̀ ló wà ní ọmú màmá mi, tí wọ́n fi pamọ́ fún gbogbo wa títí jẹjẹrẹ náà kò fi gbóògùn mọ́. Èmi náà ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí bàbá ọmọ bá bi mí pé kí ló dé tí mo fajú ro, màá ní oorun ló ń kùn mí. Ọmú òsì nìkan ni mò ń fún ọmọ. Bó ṣe ń mu ún, mò ń rò ó pé tí mo bá kú báyìí, kò ní rántí ojú mi rárá. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ibà gbé mi ṣánlẹ̀. Bàbá ọmọ kó wa lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ní kí n bọ́ èwù, wọ́n yẹ kọ́mú náà wò tinú tẹ̀yìn.

"Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni, mà." Mo ti fẹ́ máa ṣàlàyé ìkọ́ fún wọn.

"O mọṣẹ́ ẹ o. Àmọ́ òun gan-an ló kó ẹ sí wàhálà."

Wọ́n ní kọ́mú náà ló há ọmú mọ́, omi ò rọ́nà jáde, ló bá ṣù síbẹ̀. Bí mo ṣe wá fi ọ̀tún du ọmọ, mo tún dá kún un. Wọ́n gbé ọmọ sí ọ̀tún níṣojú wọn. Wọ́n fún mi lóògùn tí kò ní pa ọmọ lára, wọ́n ní kí n máa fi aṣọ tútù lé e, kí n má fipá tẹ̀ ẹ́.

"Tí kókó yẹn bá ṣì wà lọ́jọ́ Ẹtì, padà wá, a máa fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò."

Nínú ọkọ̀, mo jẹ́wọ́ fún bàbá ọmọ pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́jọ tí mo ti mọ̀ pé kókó wà níbẹ̀. Ó yíjú sí mi.

"Ṣé bí màmá ṣe ṣe fún yín náà nìyẹn?"

Mo gbé ọmọ sí ọmú ọ̀tún.

Láti Ọjọ́rú ni mi ò ti rí kókó náà mọ́, síbẹ̀ mo padà lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Nọ́ọ̀sì rí mi, wọ́n ní kí ni mo tún wá ṣe. Mo ní kí wọ́n bá mi fọwọ́ wá a fúnra wọn. Wọ́n wá ọ̀tún, wọ́n wá òsì, wọ́n wá abíyá méjèèjì, wọn ò kánjú.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ìyá ọmọ."

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún un sọ.