Fóònù Bàbá Lídà

Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo ti ń bẹ àwọn oníbàárà wa. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, mo tún ní kí áàpù wa máa gbé ìkìlọ̀ pupa sójú fóònù gbogbo ẹni tó bá wà nínú ìpàdé: ẹ pààrọ̀ fóònù tó ti pẹ́, a fẹ́ pa àgádágodo àtijọ́ rẹ́. Ta ló ka ìkìlọ̀ sí? Àwọn èèyàn wa á fọwọ́ gbá a kúrò bí ẹni ń lé eṣinṣin.

Iṣẹ́ mi nìyẹn ní Òṣogbo, ní ọ́fíìsì tó ṣe Gbóhùn, áàpù tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ fi ń ṣèpàdé lórí fóònù. Kí ohùn tó kúrò lẹ́nu ẹnì kan dé etí ẹlòmíì, áàpù á tì í pa kí ará ìta má baà gbọ́. Àgádágodo tí a fi bẹ̀rẹ̀ ti gbó, àwọn olè ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. A ti ṣe tuntun, ṣùgbọ́n fóònù tó ti pẹ́ kò lè lò ó. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé bí fóònù àtijọ́ kan ṣoṣo bá wọ ìpàdé, gbogbo fóònù yòókù á fi tuntun sílẹ̀, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ bá a, bí ẹni pé wọ́n ń kúnlẹ̀ kí àgbà.

Ọ̀gá mi, Àmínù, ò fẹ́ ká pa á rẹ́.

"Ìlérí, ṣe sùúrù. Tí a bá já àwọn àgbàlagbà sílẹ̀, wọ́n á bínú lọ. Ta ló tiẹ̀ ń gbọ́ wọn?"

"Mo lè gbọ́ wọn."

"Gbọ́ wọn ká rí i."

Oríkunkun mi ló kó bá mi. Mo wo àwọn ìpàdé tó ṣì ń lo ti àtijọ́, mo rí kíláàsì ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tí mọ́mì mi wà ní Iléṣà, èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ìpàdé ìyá mi ni, pé ìyẹn kì í ṣe olè jíjà. Nígbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mo fi ṣí àgádágodo náà, mo sì fi íápíìsì sétí. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà. Bàbá Ajíbádé, lídà wọn, wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọkàn wọn ṣe wà, bí wọ́n ti máa ń ṣe ní kíláàsì. Ó kan mọ́mì mi.

"Ẹ bá mi gbàdúrà," ni wọ́n wí. "Kókó kan wà lọ́mú mi láti ìgbà Àjíǹde. Mi ò tíì sọ fún Ìlérí. Ó máa ṣègbéyàwó ní Dìsẹ́ḿbà, mi ò fẹ́ da ayọ̀ rẹ̀ rú."

Mo já íápíìsì kúrò létí.

"Kí lo gbọ́?" Àmínù bi mí.

"Orin."

Ó rẹ́rìn-ín. "Orin lásán? Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀."

Láti ọjọ́ náà, mi ò lè jókòó lójú kan. Tí mo bá sọ ọ́, èmi ni olè tó gbọ́ ohun tí ìyá mi ń sọ fún Ọlọ́run. Tí mi ò bá sọ ọ́, kókó yẹn ń dàgbà, Ọjọ́bọ̀ mìíràn sì ń bọ̀ tí wọ́n á tún sọ̀rọ̀ lórí àgádágodo tí kò tì. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń tì mí. Mò ń pe mọ́mì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, mò ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun. Wọ́n ní, "Kí ló ń ṣe ọ́? Àbí o ti di ọlọ́dẹ mi ni?"

Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà. Mo sọ fún mọ́mì pé mo fẹ́ bá Bàbá Ajíbádé sọ ọ̀rọ̀ fóònù wọn, torí nínú gbogbo kíláàsì, tiwọn nìkan ló jẹ́ ti àtijọ́. Mọ́mì ní èmi nìkan ò gbọdọ̀ dá lọ bá àgbà pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wé gèlè, wọ́n sìn mí lọ.

"Ẹ wọ ulé, ẹ wọ ulé," ni Bàbá wí. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n, fóònù náà sì wà lórí itan wọn. Mo rojọ́ tán, wọ́n ní, "Mo rí ohun pupa kan lóòótọ́. Èèyàn méjìlá la wà ní kíláàsì, ẹnì kankan ò wá bá mi sọ ọ́."

Mọ́mì wolẹ̀. "Bàbá, gbogbo wa la rí i. Ta ló máa wò yín lójú pé fóònù yín ti gbó?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kó gbó. Àdúrà là ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó gbọ́."

"Ẹnì kan ti gbọ́, sà," ni mo wí. "Èmi ni. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá."

Mọ́mì ò wò mí. Wọ́n nawọ́ mú fóònù lórí itan Bàbá, ohun tí mi ò rí kí wọ́n ṣe sí àgbà rí, wọ́n pa á, wọ́n sì gbé e sórí tábìlì.

"Ẹ má bínú, Bàbá. A ó wá òmíràn fún yín."

A rìn padà sílé. Lójú ọ̀nà, mo kọ̀wé sí Àmínù pé irọ́ ni mo pa, pé kì í ṣe orin nìkan ni mo gbọ́, pé mo gbọ́ àṣírí ẹnì kan. Ó dáhùn kíá: "Pa á rẹ́ lónìí." Oṣù mẹ́ta ni mo fi wá ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì dùn mọ́ mi nígbà tó dé.

A wọ pálọ̀. Mọ́mì ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló tún gbọ́ ọ yàtọ̀ sí ọ?"

"Mi ò mọ̀, mà. Ẹni tó bá gbọ́ kì í fi àmì sílẹ̀."

"Láti Ọjọ́bọ̀ dé òní, ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ méje."

"Ọjọ́ méje! O mọ̀, o wá ń bi mí bóyá mo ti jẹun?"

Mo kúnlẹ̀, mo ń tọrọ àforíjì pé mo fetí kọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ní kí n dìde.

"Gbígbọ́ tí o gbọ́ kọ́ ló ń dùn mí. Ní gbogbo ọjọ́ méje yẹn, mo ṣì rò pé èmi nìkan ni ẹ̀rù ń bà."

"Ọ̀la la ó lọ sí ọsibítù, mà."

"A ó lọ." Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n fà á bọ abẹ́ bùbá wọn. "O ti fetí gbọ́ ọ. Fọwọ́ kàn án."

Ó le, ó tó èkùrọ́. Mo bú sẹ́kún, mo fẹ́ fa ọwọ́ mi yọ. Mọ́mì dì í mú. Wọ́n ní kí n má tíì mú un kúrò, pé láti ìgbà Àjíǹde, kò tíì sí ẹnì kankan tó bá àwọn fọwọ́ kàn án.