Ohun Tí Ẹ̀rọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Mando Tọ́ Wò

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n tó fi másì-sipẹkitirómítà ta kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Mando lọ́rẹ: ẹ̀rọ tí a óò fún ní ẹ̀kán omi kan, tí yóò sì sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ka Kẹ́mísìrì àti ti Báyọ́lọ́jì ni yóò jọ máa lò ó. Àmọ́ bí kò bá yege nínú àyẹ̀wò àkọ́kọ́, wọn yóò gbé e padà.

Bridget, ẹnjiníà tí wọ́n rán wá, fi omi tí kò ní àbàwọ́n sí i. Ẹ̀rọ náà ní òróró ni. Ó pààrọ̀ omi. Ẹ̀rọ náà ní òróró ni, àti lọ́fínńdà.

Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ náà. Dókítà Folúṣadé, olórí Kẹ́mísìrì, ní òun kò mọ nǹkan kan. Alhaji Abdulwahab, olórí Báyọ́lọ́jì, ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eruku.

“Eruku kì í ta sánsán báyìí, sà,” ni Bridget fèsì. “Bí ẹnì kan bá fi òróró sí i, a jẹ́ pé òótọ́ ni ẹ̀rọ yìí ń sọ, màá fọ ẹnu rẹ̀, yóò sì dúró síbí. Bí kò bá sí ẹni tó fi sí i, irọ́ ló ń pa, mo sì ń gbé e lọ.”

“Èmi ni,” ni Folúṣadé wí. “Ṣé a máa ń lo nǹkan tuntun láìta òróró àdúrà sí i ni?”

“Mo rí yín láti ojú fèrèsé, Ìyá Lọ́lá,” ni Alhaji wí. “Ìdí nìyẹn tí mo fi wọlé lẹ́yìn yín, tí mo fi tùràrè, lọ́fínńdà tí mo rà ní Mẹ́kà, bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀ka méjèèjì ló ni ín, wallahi. Ẹ kò lè sọ ọ́ di ti ṣọ́ọ̀ṣì yín.”

“Ẹnu yẹn náà lẹ sì fi pè é ní eruku,” ni Folúṣadé fèsì.

Bridget ní kí àwọn méjèèjì mú ìgò wọn wá, kí ẹ̀rọ fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Folúṣadé sáré gbé tirẹ̀ dé: òróró ólífì láti Jerúsálẹ́mù. Ẹ̀rọ náà kùn. Bridget ka ohun tó jáde, ó sì tún un kà.

“Ó bára mu. Ẹ̀rọ ti yege,” ni ó wí. “Àmọ́ kì í ṣe ólífì, mà. Òróró ẹ̀pà ni.”

Alhaji rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó béèrè bóyá ọjà Ungwan Shanu ni wọ́n ń pè ní Jerúsálẹ́mù nísinsìnyí.

“Ó kan tiyín, Alhaji,” ni Folúṣadé wí. “Tùràrè Mẹ́kà náà dà?”

Alhaji ti ti ìgò rẹ̀ bọ àpò. Ó ní kò yẹ kí a máa da ẹ̀rọ tó ti yege láàmú, àti pé òun gbọ́dọ̀ tètè lọ kírun ọ̀sán. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni.