Ọmọ Màlúù Nínú Sàréè Orrin

…ọmọ màlúù. Kí ni kí n kọ sínú ìwé àbọ̀ iṣẹ́ yìí? Èmi Renny Cutright, ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè, ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe hú sàréè Orrin, bàbá ńlá mi, nítorí ọ̀nà tí ìjọba ń fẹ̀. Dókítà tó ń yẹ egungun wò gbé agbárí kan sókè, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ọmọ màlúù lẹ sin síbí o."

Bí mo bá kọ ọ́, Bàbá á gbọ́. Láti kékeré ló ti ń rọ ọ́ sí mi létí: "Àwọn Skogstad aládùúgbò wa ló pa Orrin. A kì í bá wọn jẹ, a kì í bá wọn mu." Èmi náà gbà. Ọjọ́ tí Nels Skogstad ní kí n wá bá òun jó, ẹ̀yìn ni mo kọ sí i… kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ìwé àtijọ́ méjì tí mo béèrè fún ló dé láàárọ̀ yìí. Ọ̀kan ní Orrin fẹ́ ìyàwó mìíràn ní Oregon, ọdún méjì lẹ́yìn "ikú" rẹ̀. Ó sá lọ ni! Ó fi Delphia ìyàwó rẹ̀ àtọmọ mẹ́ta sínú ilé oníyẹ̀pẹ̀ ní Nebraska yìí, lórí ilẹ̀ tí ìjọba ní kí wọ́n gbé fọ́dún márùn-ún kó tó di tiwọn. Ó ku oṣù mẹ́rin péré. Orúkọ ọkọ ló sì wà nínú ìwé. Opó lè gba ilẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ẹni tí ọkọ sá fi sílẹ̀ — ọwọ́ òfo.

Delphia nílò òkú tó máa sin. Ó nílò aládùúgbò tó máa búra.

Ìwé kejì ni ìbúra Halvor Skogstad, bàbá ńlá Nels. "Èmi ni mo rí òkú rẹ̀ nínú yìnyín. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ la sin ín." Ìbúra yẹn náà ló kó bá a: òun nìkan ló rí òkú, òun ló pa á, ohun tí àdúgbò ń sọ nìyẹn. Delphia dákẹ́. Bó bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n, ilẹ̀ ti lọ. Halvor náà dákẹ́… títí ó fi kú.

Mo ti jókòó sínú mọ́tò níwájú géètì Skogstad láti ọ̀sán. Mo rò pé ojú Bàbá ni mo ń sá fún, àbí ìtìjú Delphia. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ojú Nels ni. Nels ti yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ń wò mí. Kò mọ nǹkan kan.

Kí ni màá kọ́kọ́ sọ? Ṣé pẹ̀lẹ́ ni? Gbogbo oúnjẹ tí mo fi dàgbà, orí ilẹ̀ yẹn ló ti hù, ìbúra Halvor ló sì gba ilẹ̀ fún wa. Àwa la wá ń pè é ní apààyàn.