Ẹ́ńjìnnì Tí Kì í Pariwo

Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu bú Awwal, kó kọ́kọ́ wá gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ pikọ́ọ̀pù yẹn. Píjò 504 aláwọ̀ ewé ni, àwọ̀ náà ti ṣá, ìpẹtà sì ti ń jẹ ẹ́ létí. Òun ni Ṣàíbù, bàbá Awwal, ọmọ Ìjẹ̀bú, fi kó pákó láti Òkò Bàbá káàkiri Èkó títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Awwal jogún ọkọ̀, ó jogún iṣẹ́ pákó, ó sì jogún èébú àwọn ará àdúgbò. Bí ọkọ̀ náà bá ti yà wọ òpópónà wọn ní Sùúrùlérè nírọ̀lẹ́, á wúkọ́, á sín, á tu èéfín dúdú, àwọn tó sá aṣọ á sì máa sáré ká a.

"Awwal, ṣé o fẹ́ yan wá jẹ ni?"

Awwal á rẹ́rìn-ín, á ní ẹni tí a ń bá ná ọjà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ẹ̀rín ẹnu lásán ni. Inú ta ni í dùn kí wọ́n máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́?

Ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ ló ń gbé, òun àti Munirah ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú Sìmíátù ìyá rẹ̀. Ìgbàgbé ti wọ ọ̀rọ̀ ìyá náà. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìgbàgbé àgbà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, orúkọ ọmọ aládùúgbò. Ó wá gba ibẹ̀ bọ́ sórí nǹkan ńlá. Sìmíátù ti ṣe opó ọkọ rẹ̀, ó jókòó sílé bí ẹ̀sìn ṣe là á kalẹ̀, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ṣùgbọ́n ìgbàgbé dé, ó nu ikú Ṣàíbù kúrò lọ́kàn rẹ̀ pátá. Lójú tirẹ̀, ọkọ òun lọ síbi iṣẹ́ ni, yóò dé nírọ̀lẹ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó bèèrè rẹ̀, Munirah fẹ́ ṣàlàyé, Awwal sì ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́. A kì í sáré túfọ̀ fún àgbàlagbà, pàápàá òkú tó ti sunkún rẹ̀ tán. Gbogbo ilé bá panu pọ̀. Bí Màámi bá bèèrè Bàbá, wọ́n á ní ó ń bọ̀. Kò sí ẹni tó rí aburú nínú ìyẹn, èmi náà ò rí i.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì wá ni pé Awwal ń gbé ìyá rẹ̀ bọ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ kú mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Costain, láàárín títì gan-an. Oòrùn ń mú ganrínganrín. Àwọn awakọ̀ ń fọn fèrè, wọ́n ń ṣépè. Awwal ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru ẹ́ńjìnnì gbá a lójú, kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìyá rẹ̀ ti ṣílẹ̀kùn, ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń rìn lọ sáàárín ọkọ̀ pé òun ń wá ilé òun. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ọlọ́kadà kan ló fà á lápá padà. Awwal sáré dì í mú. Ibẹ̀ ló ti búra pé ọkọ̀ náà kò tún ní dákú lé òun àti ìyá òun lórí mọ́.

Ẹ rí i pé nítorí ìyá rẹ̀ ni. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má bú u nìyẹn.

Jẹ̀lílì, mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ náà ṣe ní Mushin, ti ń dúró de ọjọ́ náà tipẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò sọ fún yín?" ó ní. "Ẹ́ńjìnnì yìí ti kọndẹ́ẹ̀mù. Ẹ jẹ́ ká ju ti bọ́ọ̀sì Háísì sí i, tòkunbọ̀ tó kílíìnì. Tẹ́ ẹ bá stáàtì í, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, mo fi Ọlọ́run búra."

"Ṣé yóò gba inú rẹ̀?"

"À á jẹ́ kó gbà á ni. Kí ni wẹ́dà wà fún?"

Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Wẹ́dà fi iná gé síìtì tí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ń jókòó lé, ó jó tuntun síbẹ̀. Wọ́n gé prọpẹ́là, irin gígùn tó ń yí táyà ẹ̀yìn, kúrú kó lè bá gíá tuntun mu, wọ́n ti rédíétọ̀ síwájú. Oníwáyà tú wáyà sílẹ̀ bí ìfun ẹran ọdún, ó so ó mọ́ bréènbọ́ọ̀sì, àpótí pẹlẹbẹ tó máa ń ronú fún ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé, ó sì fi í pamọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí Ṣàíbù máa ń kó tẹ̀sùbáà rẹ̀ sí. Awwal dúró tì wọ́n bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí.

Àṣà àwọn mẹkáníìkì Èkó ni pé òkú ẹ́ńjìnnì, èènì ẹni tó yọ ọ́ ni. Kò sí oníbàárà tó ń gbé e relé. Síbẹ̀ Jẹ̀lílì ṣe ohun tó yẹ ọmọlúàbí, ó bèèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, ti Bàbá yìí ńkọ́? Ṣé ẹ máa gbé e ni?"

Awwal wo irin dúdú náà lórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti mu yó.

"Kí n gbé e lọ fi ṣe kí ni?" ó ní. "Kí n fi se ọbẹ̀?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ tí Awwal wa ọkọ̀ náà wọlé, kò sí aṣọ tí ẹnikẹ́ni ká. Pikọ́ọ̀pù náà yọ́ wọ òpópónà, àwọn tó jókòó síwájú ilé kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó pa á, ó fọ ẹsẹ̀, ó wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Oúnjẹ wà nínú ìkòkò, kò tíì bu ún.

"Awwal, o ti dé? Bàbá yín ò tíì dé o."

"Wọ́n ń bọ̀, Màámi. Ẹ jẹun ná."

"Kí n jẹun kí ọkọ mi tó wọlé? Ta ló kọ́ ẹ nírú ìyẹn?"

Awwal àti Munirah fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ni. Sìmíátù sì lọ sùn láìjẹun.

Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà tó ṣe, ògì tó máa ń mu láàárọ̀ pàápàá, ó ti í sẹ́yìn. Ó ní ọkọ òun kò sùn sílé, ọ̀fun òun kò gba nǹkan. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n pe nọ́ọ̀sì tó fa omi sí i lára, ó fa abẹ́rẹ́ náà yọ. Egungun èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ bùbá. Fèrèsé yẹn ni kò kúrò níbẹ̀.

Munirah ló wá rí ìdí rẹ̀. Ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ó fi í sílẹ̀, ó pe ọkọ rẹ̀ jáde sẹ́yìnkùlé.

"Ariwo ọkọ̀ yẹn ni," ó ní.

"Ariwo kí ni?"

"Ti tẹ́lẹ̀. Bí Màámi bá ti gbọ́ ọ níbẹ̀rẹ̀ òpópónà, wọ́n á ní, 'Bàbá yín ti dé.' Wọ́n á dìde, wọ́n á bu oúnjẹ Bàbá, wọ́n á dé e, wọ́n á wá jókòó ti tiwọn. Èmi rò pé torí tiyín ni wọ́n ṣe ń yọ̀. Tí wọ́n bá sùn, màá da ti Bàbá padà sínú ìkòkò."

Báwo ni Awwal ì bá ṣe mọ̀? Inú ọkọ̀ ló máa ń wà. Kó tó pa ọkọ̀, kó tó fọ ẹsẹ̀, kó tó wọlé, ìyá rẹ̀ á ti máa jẹun, òun á sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé Màámi ń jẹun dáadáa. Ariwo tí gbogbo àdúgbò ń bú, òun ló ń bọ́ ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Òun sì fi ọwọ́ ara òun ní kí wọ́n yọ ọ́ dànù.

Ó sáré gba Mushin lọ. Jẹ̀lílì rí ojú rẹ̀, ó fi spánà sílẹ̀.

"Ẹ́ńjìnnì Bàbá dà?"

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ń ra irin kọndẹ́ẹ̀mù ti gbé e lọ. Òòlù ni wọ́n fi fọ́ ọ wẹ́wẹ́ níbí yìí kí wọ́n tó lè rí i gbé. Ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ ò fẹ́ ẹ."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Awwal jókòó sórí táyà kan, ó sì sunkún níṣojú gbogbo wọn, ọkùnrin tó ti ń hu ewú. Jẹ̀lílì dúró tì í, kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Wọ́n gbìyànjú o. Jẹ̀lílì tú sàíléńsà ọkọ̀ náà kí ó lè máa pariwo. Nígbà tí Awwal wà á wọlé, gbogbo òpópónà mì tìtì.

"Ta ni aláìlójútì yìí?" ni Sìmíátù wí. "Ẹ sọ fún un pé àwọn àgbà wà nínú ilé."

Wọ́n yá Píjò ẹlòmíì tó gbó bíi tiwọn. Ìyá náà na ọrùn sí fèrèsé, ó tẹ́tí, Awwal di àdúrà mú nínú ọkọ̀. Ìyá náà wá fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ó ní kì í ṣe gbogbo Píjò ni ti ọkọ òun. Wọ́n wá inú fóònù gbogbo ẹbí bóyá ẹnì kan gba ohùn ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ rí, wọn kò rí i. Ta ni í gba ohun tó ń bú sílẹ̀?

Nígbà tó di pé Munirah ní láti gbé ìyá náà dìde kó tó lè kírun, Awwal mọ̀ pé nǹkan kan ṣoṣo ló kù. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé ti ń sá fún ni. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kò ṣeé kó. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń dúró de ọkọ kò ní jẹun, opó ni wọ́n lè bẹ̀ kó jẹun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Munirah se ìkọ́kọrẹ́, ó bu ti bàbá, ó bu ti ìyá, ó dé méjèèjì. Awwal kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Màámi, Bàbá ò ní dé."

"Kí ló dé? Ṣé ọkọ̀ ló tún bà jẹ́?"

"Rárá, Màámi. Bàbá ti kú."

Sìmíátù wò ó títí. Ó yí ojú sí fèrèsé, ó tún yí i padà sí i.

"Ṣàíbù?" ó ní. "Ṣàíbù mi?"

Láti ìgbà tí Awwal ti gbọ́njú, kò gbọ́ kí ìyá rẹ̀ pe bàbá rẹ̀ lórúkọ rí. Bàbá Awwal ni í máa ń pè é. Orúkọ yẹn ló mú Awwal dojú dé orí itan ìyá rẹ̀. Ìyá náà sunkún, kì í ṣe ẹkún ẹni tó ti gbàgbé nǹkan. Ẹkún opó ọjọ́ kan ni, tuntun, ó ń tú orí rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá àyà tó ti gbẹ. Munirah ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Nígbà tí ó rẹ ìyá náà, ó fi etí ìró nu ojú.

"Ṣé wọ́n jẹun kí wọ́n tó lọ?"

Ṣàíbù kò jẹun. Ìdí pákó ló ṣubú sí ní Òkò Bàbá, oúnjẹ rẹ̀ wà nílé nínú abọ́ ní dídé, ọjọ́ kejì ni wọ́n dà á nù.

"Wọ́n jẹun, Màámi," ni Awwal wí. "Ìkọ́kọrẹ́ tí ẹ sè ni. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní ó dùn."

"Ta ló bù ú fún wọn?"

"Ẹ̀yin ni."

Ìyá náà mi orí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Munirah wá gbé abọ́ sí i lórí itan, ó bẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ ọlọ́fọ̀. Ó jẹ ẹyọ kan, ó jẹ èkejì. Omijé ń ṣàn sínú oúnjẹ náà, ó sì ń jẹ ẹ́. Ó jẹun débi tí Awwal fi dìde lọ sẹ́yìnkùlé lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pikọ́ọ̀pù, tí ìtìjú àti ọpẹ́ jọ ń dù ú.

Ní ọjọ́ kejì, ó fi gbogbo ọ̀sán ronú bí yóò ṣe máa tu opó nínú. Ó ra ọsàn dání. Ọkọ̀ náà yọ́ wọ òpópónà láìdún. Ó fọ ẹsẹ̀, ó wọlé. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú ìró aláwọ̀ òféèfé kan, ó ti di gèlè, ó lé tìróò sójú.

"Awwal, o ti dé?" ó ní. "Bàbá yín mà ti pẹ́ lónìí o. Mi ò lè jẹun."

Munirah fi ọwọ́ bo ẹnu. Awwal wo àwọn abọ́ méjì tó wà lórí tábìlì ní dídé. Ó wo ọrùn ọwọ́ ìyá rẹ̀, bó ṣe tín-ín-rín tó. Ó rọra gbé ọsàn sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í túfọ̀ bàbá rẹ̀ fún un, kó lè jẹun.